Obìnrin Tó Yẹ Ìdí Agolo Wò

Kò sí ẹni tó fẹ́ràn Euphrasie ní Kpingni abúlé wa, mi ò sì ní purọ́ pé èmi fẹ́ràn rẹ̀. Ilé wa kan tirẹ̀, ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín wa. Láti àárọ̀ ni mo ti máa ń gbọ́ ohùn rẹ̀ tó ń bá Mathieu ọkọ rẹ̀ fa ọ̀rọ̀ ọṣẹ, ọ̀rọ̀ epo, ọ̀rọ̀ ìṣáná. Bí ó bá ra ìṣáná, yóò tú u sórí ẹní, yóò kà á lọ́kọ̀ọ̀kan, bí igi kan bá sì dín, yóò gbé páálí náà padà sọ́jà. Bí ó bá fẹ́ ra aṣọ, yóò fi itọ́ pa á létí níwájú ẹni tó ń tà á, kó lè mọ̀ bóyá aró rẹ̀ yóò ṣí. Àwọn tó ń tajà ní Dassa mọ̀ ọ́n láti òkèèrè. Bí wọ́n bá rí i tó ń sọ̀ kalẹ̀ láti ẹ̀yìn òkè, ẹlòmíràn a yára bo igbá rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìyọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀ ní ọdún kẹta lẹ́yìn tí àwọn Faransé fi ìjọba sílẹ̀ fún wa. Nígbà náà, ọ̀dọ̀ Ràṣídì ni gbogbo wa ti ń ra ìyọ̀. Ìsọ̀ rẹ̀ wà lójú ọ̀nà ibi tí ọkọ̀ ojú irin ti ń dúró ní Dassa. Mùsùlùmí ni, àgbàlagbà ni, kì í pariwo, a sì ń pè é ní Bàbá Sùlè nítorí àkọ́bí rẹ̀. Agolo tòmátì ló fi ń wọn ìyọ̀, fáránkì mẹ́wàá ni agolo kan. Tó bá wọ̀n ọ́n tán, yóò fi ọwọ́ bu díẹ̀ lé e, yóò ní, "Ìyàwó, èyí ni tìrẹ." Èènì yẹn là ń bá lọ. A máa ń kọjá ìsọ̀ méjì tí wọ́n ti ń ta ìyọ̀ kí a tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, nítorí ọwọ́ tó fi ń bù ú.

Euphrasie ní ahá kan nílé tó fi ń gba ìyọ̀ pamọ́. Agolo mẹ́ta ló máa ń kún un dé ẹnu. Ní ọjọ́ kan, ó da agolo mẹ́ta sínú rẹ̀, ahá kò kún. Ó ku bí ìka méjì. Ó kọ́kọ́ rò pé Jeanne ọmọ rẹ̀ ló bù níbẹ̀ lójú ọ̀nà, ó sì na ọmọ náà. Nígbà tí ó tún ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, tó sì jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ló ru ìyọ̀ náà délé, kò bẹ ọmọ. Ó gbé ahá náà lọ sọ́jà.

Èmi wà níbẹ̀. A tó mẹ́jọ tí a dúró níwájú ìsọ̀ Ràṣídì, a sì ń fi oòrùn ṣe àwàdà.

"Ẹ kú ọjà, Bàbá Sùlè," Euphrasie wí. "Agolo mẹ́ta. Inú ahá yìí ni kí ẹ dà á sí."

Ràṣídì wọ̀n ọ́n, ó bu èènì lé e. Ahá kò kún.

"Bàbá Sùlè, ẹ wo ahá yìí. Lọ́dún tó kọjá, agolo yín mẹ́ta máa ń kún un."

"Bóyá ahá rẹ ló ń dàgbà," Ràṣídì wí. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín.

Euphrasie kò rẹ́rìn-ín. "Ẹ jẹ́ kí n wo agolo yín."

"Ìyọ̀ lo wá rà, ìwọ kò wá ra agolo."

Kó tó sọ ọ́ tán, Euphrasie ti na ọwọ́ kọjá àpò ìyọ̀, ó ti já agolo gbà. Ó dojú rẹ̀ bolẹ̀. Ìdí agolo náà ti wọnú bí ikùn ẹni tí ebi ń pa, ojú òòlù sì hàn lára rẹ̀. Ó gbé e sókè kí gbogbo wa lè rí i.

"Ẹ wò ó! Ó ti fi òòlù lu ìdí rẹ̀ wọnú!"

Mo rí i. Gbogbo wa la rí i.

Ràṣídì dìde. "Ìwọ obìnrin yìí, ṣé olè lo ń pè mí?"

"Mi ò tíì pe ẹnikẹ́ni lólè. Ìwọ lo pe ara rẹ bẹ́ẹ̀."

Ìwọ! Ó pe Bàbá Sùlè ní ìwọ, lójú ọjà. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ agolo parí sí fún wa. Bó bá jẹ́ pé ó pè é ní ẹ̀yin ni, bóyá ẹnì kan nínú wa ì bá dúró tì í. Dorothée, obìnrin ará Kèrè kan tó ń ra ìyọ̀ pẹ̀lú wa, ká ọwọ́ lérí. "Háà! Ẹni tó tó bí ẹ!"

Ràṣídì gba ahá náà, ó da ìyọ̀ inú rẹ̀ padà sínú àpò, ó sì ju owó tí Euphrasie ti san sínú eruku. "Kó owó rẹ. Láti òní lọ, ìyọ̀ mi kò ní wọ inú ọbẹ̀ rẹ mọ́." Ó wá yíjú sí wa. "Ẹ̀yin ará Kpingni, ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sí èènì fún yín mọ́."

Euphrasie bẹ̀rẹ̀, ó ń ṣa owó rẹ̀ nínú eruku. Ó kà á. "Ó ku fáránkì márùn-ún," ó wí. Ràṣídì kò wò ó. Euphrasie wá a káàkiri láàárín ẹsẹ̀ wa, kò sí ẹni tó yẹ ẹsẹ̀, títí tó fi rí i lábẹ́ tábìlì. Ó nù ún mọ́ aṣọ rẹ̀, ó sì lọ.

Lójú ọ̀nà ilé, a kò jẹ́ kó sinmi. Èmi ni mo kọ́kọ́ la ẹnu. "Euphrasie, ta ló rán ẹ níṣẹ́? Nítorí ìyọ̀ lásán, o ti ba èènì wa jẹ́."

"Odette, èènì wo? Ó ń jí tiyín níwájú, ó ń bù ú fún yín lẹ́yìn, ẹ̀ ń dúpẹ́."

Mo tutọ́ sílẹ̀. Mo mọ̀ pé òótọ́ ló sọ, ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí inú bí mi.

Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi jẹun láìsí ìyọ̀ nílé wọn. Àwọn ìsọ̀ yòókù kò tà fún un, nítorí ọ̀rọ̀ ti dé etí wọn, kálukú sì mọ bí ìdí agolo tirẹ̀ ṣe rí. Ní ọjọ́ kẹta, mo gbọ́ ohùn Mathieu láti ìhà kejì ògiri.

"Lọ bẹ̀ ẹ́."

"Kí n bẹ kí ni?"

"Obìnrin tó ń ka igi ìṣáná! Nítorí ìyọ̀ ìka méjì, o kó ẹ̀tẹ́ bá mi láàárín ọkùnrin."

Mathieu lọ fúnra rẹ̀. Ràṣídì ta ìyọ̀ fún un, ó sì fi iṣẹ́ rán an pé kí ìyàwó rẹ̀ wá kúnlẹ̀ níwájú ìsọ̀ òun ní ọjọ́ ọjà, kí gbogbo èèyàn rí i. Nígbà tó dé, Euphrasie kò dúró gbọ́ iṣẹ́ náà tán. Mo gbọ́ bí ó ṣe ń da ìyọ̀ náà sínú ahá.

"Eélòó lẹ san?"

"Ogún fáránkì."

"Ti fáránkì mẹ́rìnlá ni wọ́n fún yín."

Mo gbọ́ ìró nǹkan tó fọ́. Mathieu ti fi ẹsẹ̀ gbá ahá náà mọ́ ògiri. Inú mi dùn, mi ò ní tàn yín.

Àmọ́ Euphrasie kò kúnlẹ̀. Ó lọ wa isu nínú oko tirẹ̀, ó kó o sínú agbọ̀n méjì, ó sì wọ ọkọ̀ ojú irin lọ tà á ní ọjà Glazoué. Ààbọ̀ àpò ìyọ̀ ló rù bọ̀, pẹ̀lú agolo tuntun. Ọ̀nà kan wà lẹ́yìn ọjà tí ì bá gbà. Kò gbà á. Iwájú ìsọ̀ Ràṣídì ló gbà kọjá pẹ̀lú ẹrù lórí, ọrùn rẹ̀ le bí òpó. Ràṣídì jókòó lẹ́nu ọ̀nà. Kò sí ẹni tó kí ẹnì kejì.

Ó fi agolo náà kọ́ sí iwájú ilé rẹ̀, ó yí ìdí rẹ̀ síta. Fáránkì mẹ́wàá náà ni òun náà ń ta ẹ̀kún agolo ìyọ̀ kan. Ọjọ́ ọjà méjì kọjá, ẹnikẹ́ni kò lọ. Lẹ́yìn náà, ìyọ̀ mi tán. Mo dúró títí oòrùn fi mú, tí àwọn èèyàn ti wọlé, kí n tó lọ.

"Mo fẹ́ ra ìyọ̀."

"Lọ́wọ́ ta ni? Lọ́wọ́ ẹni tó ba èènì yín jẹ́?"

Ó jókòó, ó ń pa ẹ̀pà, ó jẹ́ kí n dúró sínú oòrùn títí mo fi sọ ọ́ jáde pé, "Lọ́wọ́ rẹ, Euphrasie." Nígbà náà ló dìde. Ó bu ẹ̀kún agolo, ó fi ìka gbá orí rẹ̀ kó lè tẹ́jú, ó dà á sínú àwo mi.

"Kò sí èènì?"

"Ẹ̀kún agolo lo sanwó fún, ẹ̀kún agolo lo gbà. Kí ni mo tún jẹ ọ́?"

Ìyọ̀ náà pẹ́ lọ́wọ́ mi. Ti Ràṣídì máa ń tán ní ọjọ́ márùn-ún, tirẹ̀ dé ọjọ́ méje. Mo sọ fún àwọn yòókù, wọ́n sì ń lọ níkọ̀ọ̀kan. Kò sí ẹni tó lọ tí kò gbọ́ ọ̀rọ̀. Nígbà tí Dorothée rìn láti Kèrè wá, Euphrasie kọ́kọ́ bi í léèrè pé, "Ẹni tó tó bí mi ńkọ́? Ṣé tirẹ̀ ti tán ni?" Dorothée gbé èébú náà mì, ó ra agolo mẹ́rin. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ra ìyọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ ní gbogbo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bí a bá pàdé rẹ̀ lọ́jọ́ ìsinmi lójú ọ̀nà ilé ìjọsìn, a ó wo ìhà mìíràn.

Nígbà tí òjò kù díẹ̀ kó bẹ̀rẹ̀, Ràṣídì ránṣẹ́. Èènì ti padà, ó ní. Ẹ̀kún ọwọ́ méjì ni fún ará Kpingni àti Kèrè, pẹ̀lú hóró ṣúgà kan fún ọmọ. Kò yí agolo padà. Gbogbo wa mọ̀ pé kò yí i padà. Gbogbo wa lọ.

Bí mo ṣe ń bọ̀, Euphrasie dúró dè mí lẹ́bàá ọ̀nà, agolo rẹ̀ lọ́wọ́. "Odette, da ìyọ̀ yẹn síhìn-ín."

Àwọn obìnrin wà lẹ́yìn mi, ojú tì mí láti sá. Mo dà á. Pẹ̀lú ẹ̀kún ọwọ́ méjèèjì, ìyọ̀ agolo kan tí mo rà lọ́wọ́ Ràṣídì kò dé ẹnu agolo rẹ̀.

"Ṣé o rí i?"

"Mo rí i."

"Kí ló wá dé?"

Mo sọ èyí tó wà lọ́kàn mi. "Òun a máa bu sí i fún wa. Ìwọ kò bu nǹkan kan sí i fún ẹnikẹ́ni rí."

Mo rò pé yóò gbá mi létí. Ó da ìyọ̀ mi padà fún mi, kò sí hóró kan tó dín. "Òmùgọ̀," ó wí, ó sì wọlé.

Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ẹ̀kún àpò kan láti Glazoué ni. Kò rí ẹni tà á fún mọ́. Òjò àkọ́kọ́ jò wọ inú ilé wọn lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìyọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́. Mathieu wà lóko. Mo rí i láti ẹnu ọ̀nà mi bí ó ṣe ń fa àpò náà lóun nìkan, tó ń fi àwo gbọ́n omi ìyọ̀ kúrò nílẹ̀. Àpò náà wúwo ju agbára rẹ̀ lọ. Ó gbójú sókè, ó rí mi. Kò pè mí, mi ò sì lọ. Àwọn ewúrẹ́ ń lá ilẹ̀ iwájú ilé wọn títí ọ̀sẹ̀ náà fi parí.

Ní ẹ̀ẹ̀rùn tó tẹ̀lé e, èmi náà ru isu lọ sí Glazoué. Mo gbọ́ ariwo níwájú ìsọ̀ ńlá tí wọ́n ti ń ta ìyọ̀ ní àpò àpò, mo sì sún mọ́ ọn. Ràṣídì tí kì í pariwo ló ń pariwo.

"Gbé e sórí ìwọ̀n! Mo ní kí o gbé e sórí ìwọ̀n! Ṣé ọmọdé lo rò pé mo jẹ́ ni?"

Òógùn ń ṣàn lójú rẹ̀. Wọ́n gbé àpò náà sórí ìwọ̀n. Kílò méjì ló dín. Bí ó ṣe yí padà, ó bá Euphrasie lẹ́yìn rẹ̀, tó dúró de tirẹ̀.

"Kí lò ń wò?"

"Mò ń wo bó ṣe ń dun èèyàn."

Mo retí pé kó bú u. Kò bú u. Ó kàn wọ́ àpò rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Euphrasie bọ́ síwájú, ó nàka sí ààbọ̀ àpò kan, ó ní, "Ẹ gbé tèmi náà sórí ìwọ̀n." Ọlọ́jà ti gba èébú tó tó, kò jiyàn. Ó pé.

Inú ọkọ̀ kan náà ni àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọ̀ padà sí Dassa. Ràṣídì kọjú sí ojú fèrèsé, Euphrasie fi ẹsẹ̀ méjèèjì há ìyọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀, èmi sì gbé agbọ̀n òfìfo lé itan.

Ràṣídì ta ìyọ̀ ní Dassa títí di ọdún 1968, kó tó kó lọ. Euphrasie kò fi fáránkì kan ra nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ ní gbogbo ìgbà náà. Glazoué ló ń lọ, bí orúnkún rẹ̀ bá ń dùn ún náà, yóò lọ. Èmi ń rà lọ́wọ́ Ràṣídì, mo sì ń gba èènì. Euphrasie àti èmi ṣì ń gbé ẹ̀gbẹ́ ara wa. Bí a bá pàdé láàárọ̀, a ó kí ara wa nítorí àwọn ọmọ wa tó ń gbọ́, a ó sì kọjá.