Owó Wa Wà Nínú Báńkì Tó Ń Mì

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn tí ìjọba fi èbúté Àpápá lé àwọn iléeṣẹ́ aládàáni lọ́wọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Wọ́n ti dá ọ̀pọ̀ nínú àwa òṣìṣẹ́ èbúté dúró. Bí owó ìdádúró wa ṣe jáde báyìí, àwọn òṣìṣẹ́ báńkì kan wá bá wa ní Ajégúnlẹ̀. Wọ́n ní ká fi díẹ̀ pamọ́ sọ́dọ̀ àwọn, ká fi ìyókù ra ṣíà, ìyẹn ìpín nínú báńkì náà, pé kò sí ewu níbẹ̀. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ wa nígbà náà. Bàbá Súnmọ́nù, alága wa, tó ti ń ru ẹrù ní èbúté Kirikiri kí n tó dé ibẹ̀, fi èyí tó pọ̀ jù nínú owó rẹ̀ ra ṣíà.

Nígbà tó yá, ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jà ràn-ìn láàárín àwọn awakọ̀ ní ibùdókọ̀ Coconut pé báńkì náà fẹ́ dẹnu kọlẹ̀. Wọ́n ní àwọn ọlọ́lá kan yá owó ńlá níbẹ̀, wọn ò sì san án padà. Owó iléèwé àwọn ọmọ mi wà níbẹ̀. Owó tí wọ́n fẹ́ fi ṣe iṣẹ́ abẹ fún ìyàwó alága náà wà níbẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, a kóra jọ síwájú báńkì náà. Wọ́n ti geètì pa, ọlọ́pàá sì dúró tìbọn-tìbọn. Máníjà jáde, ọmọbìnrin kan ni.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin bàbá mi, bí gbogbo yín bá gba owó yín lónìí, báńkì yìí á wó lónìí.”

“Bí a ò bá gbà á ńkọ́?” alága bi í. “Ṣé ẹ lè fọwọ́ sọ̀yà pé kò ní í wó lọ́la?”

Kí ó tó fèsì, ẹnì kan kígbe lẹ́yìn pé, “Make we break the gate!” Mo wo ìbọn, mo wo èrò. Mo yára bi máníjà léèrè: “Àǹtí, owó tiyín dà?”

“Ibí náà ló wà, sà. Ti màmá mi náà.”

Ariwo rọlẹ̀. Mo ní kí wọ́n sanwó fún àwọn tó ní aláìsàn nílé ná, kí àwa tó kù jókòó sójú títì tó lọ sí èbúté, kí ọkọ̀ ẹrù má kọjá, títí ìjọba yóò fi dá sí i. Máníjà gbà, àwọn èrò náà sì gbà. A jókòó nínú oòrùn yẹn, ẹ̀rù ń bà wá, a ò sì dìde.

Ìjọba dá sí i lóòótọ́. Wọ́n yọ àwọn ọ̀gá báńkì náà, kò sì sẹ́ni tó pàdánù owó tó fi pamọ́. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún ìyàwó alága, ó sì wà láàyè. Ṣùgbọ́n ṣíà wa di òfo. Bàbá Súnmọ́nù padà síṣẹ́ lọ́jọ́ ogbó, ó ń ṣọ́ ọkọ̀ àjàgbé.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ máa ń bi mí bóyá a borí. A gba ohun tí a lè gbà. Títí di òní, nínú àwọn tó kó owó yẹn lọ, kò sí ẹnì kan tó wá síwájú Bàbá Súnmọ́nù láti sọ pé, “Ẹ forí jìn wá.” Ara bàbá ò le mọ́. Ẹ̀rù ń bà mí pé wọn ò ní í sọ ọ́ kí ó tó lọ.