Ẹ̀jẹ̀ Tó Mú Mi Jókòó Síta

Ọdún tí mo pé méjìdínláàdọ́ta ni nǹkan oṣù mi bẹ̀rẹ̀ sí í ya wèrè. Bí mo ṣe máa ń sọ ọ́ nìyẹn, torí mi ò mọ ohun mìíràn tí mo lè pè é. Níbẹ̀rẹ̀, ó lè má wá fún oṣù méjì. Nígbà tó yá, tó bá ti dé, á wà lára mi fún ọjọ́ méjìlá, á lọ fún ọjọ́ mẹ́rin, á tún padà dé. Ọṣẹ, ṣúgà àti mílíìkì inú agolo ni mò ń tà lọ́jà Ashaiman ní Gánà, orí àpótí ni mo sì máa ń jókòó sí láti àárọ̀ dalẹ́. Aṣọ dúdú nìkan ni mò ń wọ̀ lọ sọ́jà lọ́dún yẹn. Àwọn oníbàárà mi rò pé ọ̀fọ̀ ni mò ń ṣe.

Ẹni tí kò bá mọ ìjọ wa lè má mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi dùn mí tó bẹ́ẹ̀. Aláṣọ funfun ni wá. Obìnrin tó bá ń ṣe nǹkan oṣù kì í wọ ilé ìsìn. Ìta ló máa jókòó sí títí ẹ̀jẹ̀ á fi dá, lẹ́yìn ìyẹn á ka ọjọ́ méje gbáko tí kò rí nǹkan kan, kí wọ́n tó gbàdúrà sí i lórí pé kó wọlé. Nígbà tí ara mi ṣì ń ṣe déédéé, mi ò ka èyí sí ìyà. Àmọ́ ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń lọ tó tún ń bọ̀, ìgbà wo ni yóò ka ọjọ́ méje pé? Oṣù márùn-ún ni mo fi jókòó sórí àga oníke lábẹ́ igi dóńgóyárò, tí mò ń gbọ́ ìsìn láti inú ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Èmi tí mo máa ń lé orin fún ẹgbẹ́ akọrin obìnrin! Ẹlòmíràn ni wọ́n ní kó máa lé e, kò sì mọ̀ ọ́n lé.

Ìyá mi, tó ń gbé lọ́dọ̀ mi, ló máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìsìn láti bi àwọn obìnrin léèrè bóyá ara wọn mọ́. Kì í ṣojúsàájú. Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́rìnlá, ó dá èmi náà padà níṣojú gbogbo ayé. Síbẹ̀, òun ló kọ́kọ́ rí i pé ọ̀rọ̀ mi ti kúrò ní kékeré. Ó ní, “Ìwọ ọmọ yìí, lọ rí dókítà. Tèmi ò rí báyìí.” Mo ní mo ti gbọ́, mi ò sì lọ. Àwọn obìnrin ọjà ní ọjọ́ orí ni, pé á parí fúnra rẹ̀, ìyẹn sì tẹ́ mi lọ́rùn ju kí n lọ bọ́ aṣọ níwájú ẹni tí mi ò mọ̀ rí lọ.

Ìyá mi kú ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, lẹ́yìn àìsàn ọjọ́ mẹ́ta. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin wá láti ilé ní Nàìjíríà, wọ́n sì fi ìsìnkú sí Àbámẹ́ta ọ̀sẹ̀ kejì. Bí wọ́n ṣe ń dá ọjọ́ yẹn, ẹ̀jẹ̀ ń dà lára mi. Nínú ilé ìsìn ni wọ́n ti máa ń ṣí pósí kí àwọn ọmọ wo ojú òkú kẹ́yìn, kí wọ́n tó kàn án pa. Èmi nìkan lọmọ rẹ̀ obìnrin. Wọ́n ń sọ ti oúnjẹ, wọ́n ń sọ ti ilẹ̀ ìsìnkú, èmi ń rò ó pé wọ́n máa kan ìyá mi mọ́nú pósí kí n wà níta.

Ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó kú yẹn, mo wọ ọkọ̀ tròtrò lọ sí ilé ìwòsàn kan lọ́nà Tema. Mo jókòó títí wọ́n fi pe orúkọ mi, tí wọ́n sì bà á jẹ́ bí wọ́n ṣe máa ń ba orúkọ àwa Yorùbá, tí wọ́n ń pè ní Alata, jẹ́. Mo ṣílẹ̀kùn, mo rí dókítà: ọ̀dọ́mọkùnrin tí irùngbọ̀n rẹ̀ kò tíì kún. Háà! Èmi àgbàlagbà, ni n ó wá jókòó níwájú eléyìí máa ròyìn abẹ́ mi? Mo ní kó má bínú, mo ṣi yàrá wọ̀ ni. Mo gba ilé lọ.

Ọmọbìnrin mi ló fà mí padà síbẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Accra ni mo bí i sí; ó ń gbọ́ Yorùbá, àmọ́ Twi ló fi ń dáhùn. Àfi tínú bá ń bí i ló máa ń sọ Yorùbá, ó sì sọ ọ́ lọ́jọ́ náà: “Màmá, ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká lọ!” Dókítà àná náà la bá. Ó dá mi mọ̀, kò sì sọ ọ́. Ó béèrè ìgbà tí mo rí nǹkan oṣù kẹ́yìn, mo ní mò ń rí i lọ́wọ́. Ó béèrè iye ìgbà tí mò ń pààrọ̀ páàdì lójúmọ́, mo ní mi ò kà á. Ó wá ní, “Maame, ṣé kì í rẹ̀ yín?” Ni omijé bá bọ́ lójú mi. Láti oṣù márùn-ún, kò sẹ́ni tó bi mí bẹ́ẹ̀.

Mo ní, “Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sáà bá mi dá a dúró. Mo fẹ́ sin ìyá mi.” Ó fún mi lóògùn. Ó ní kí n padà wá lẹ́yìn ìsìnkú kí òun lè yọ díẹ̀ nínú ilé ọmọ mi fún àyẹ̀wò, torí kì í ṣe gbogbo irú ẹ̀jẹ̀ báyìí ni ọjọ́ orí ń fà.

Mo bẹ̀rẹ̀ oògùn lọ́jọ́ Ẹtì yẹn. Lọ́jọ́ Àìkú, ẹ̀jẹ̀ kù bíńtín. Lọ́jọ́ Ajé, mi ò rí nǹkan kan. Mo jókòó sí ilé ìwẹ̀, mo fi ìka kà á títí dé Àbámẹ́ta. Ọjọ́ mẹ́fà. Mo tún un kà, mẹ́fà náà ni. Ká ní mo dúró gba oògùn yẹn ní Ọjọ́bọ̀ ni, bóyá ì bá pé méje. Mo bú ara mi, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá ara mi létí.

Nígbà tó di Àbámẹ́ta, mo wọ aṣọ funfun mi, mo tẹ̀lé pósí dé ẹnu ọ̀nà. Ara mi gbẹ. Ta ló fẹ́ mọ̀? Obìnrin tó gba ipò ìyá mi sún mọ́ mi, ó ní, “Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ṣé ara yín ti mọ́?” Ojú rẹ̀ ń bẹ̀ mí pé kí n ṣáà sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ti gbé ìyá mi kọjá lára mi wọlé. Mo fẹ́ parọ́. Mi ò lè pa irọ́ yẹn nígbà tí ìyá mi wà nínú ilé níbẹ̀.

Mo ní, “Ó ku ọjọ́ kan.”

Ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Mo lọ jókòó lábẹ́ igi. Mo gbọ́ bí wọ́n ṣe ń kan ìṣó, mo sì sunkún kíkan. Mo bínú sí obìnrin náà, mo bínú sí ìjọ, mo bínú sí òkú fúnra rẹ̀. Ọmọ mi jáde wá jókòó nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Mo padà sọ́dọ̀ dókítà. Àyẹ̀wò náà dùn mí wọ eegun, àmọ́ kò rí àìsàn kankan. Ó ní nǹkan oṣù ló ń kásẹ̀ nílẹ̀, ó lè tún wá, ó sì lè má wá mọ́. Odidi ọdún kan ni mo fi ń gbé páàdì sínú báàgì lọ sọ́jà. Kò wá. Ó ti di ọdún mẹ́ta báyìí, mi ò rí ẹ̀kán kan. Èyí tó lé mi síta lọ́jọ́ ìsìnkú ìyá mi, òun ló kẹ́yìn.

Kò sí ọjọ́ tí mi ò lè wọ ilé ìsìn mọ́. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ní ojú ìyá wa dán nínú pósí, pé ṣe ló dà bíi pé ó fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ẹnu wọn ni mo ti gbọ́.