Ọjọ́ Tí Mo Gbé Ọ̀rọ̀ India Lọ Sípàdé Ìlú

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹnu ń yún mi! Ẹ fara balẹ̀ kí n ròyìn ohun tójú mi rí lóṣù tó kọjá, nítorí mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ẹ̀kọ́ ìtàn lè ti àgbàlagbà sómi.

Tíṣà ìtàn ni mí. Ọmọ Ìlá ni mí, àmọ́ ọdún kẹta rèé tí ìjọba ti gbé mi wá sí abúlé orí omi kan nílẹ̀ Ìlàjẹ, kò jìnnà sí Molutehin.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, mò ń kọ́ àwọn ọmọ SS2 nípa India nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Mo ní òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì tó ń ṣàkóso wọn kàn kéde lọ́jọ́ kan pé India náà ti wọ ogun. Kò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni! Làwọn aṣáájú tó ń jà fún òmìnira ò bá fẹnu kò mọ́. Àwọn kan ní kò dáa kéèyàn máa fi wàhálà ẹlòmíì wá èrè. Àwọn kan ní àwọn á ran òyìnbó lọ́wọ́ tó bá kọ́kọ́ fún àwọn lómìnira. Ẹnì kan tiẹ̀ lọ bá àwọn ọ̀tá òyìnbó pé kí wọ́n wá bá òun lé e.

Àwọn ọmọ kọ nóòtì, a jáde. Ṣé ẹ rò pé ó parí síbẹ̀?

Lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n ní kí n wá sípàdé ìlú, nítorí èmi ni màá bá wọn fi Gẹ̀ẹ́sì fèsì lẹ́tà. Iléeṣẹ́ tó ń wa epo lọ́dọ̀ wa, mi ò ní dárúkọ ẹ̀, ń bá iléeṣẹ́ mìíì jà lórí ibì kan nínú omi. Wọ́n wá kọ̀wé sí wa: "Ẹ̀yin ará wa ọ̀wọ́n."

Ará wa! Àwọn tí epo wọn bo omi wa, tí ẹja kú, tí wọn ò dáhùn ẹyọ lẹ́tà kan lórí ẹ̀!

Wọ́n ní kí gbogbo wa wa ọkọ̀ jáde lọ́jọ́bọ̀ láti dènà fún iléeṣẹ́ kejì. T-shirt ti bá lẹ́tà dé. Wọ́n ti tẹ orúkọ abúlé wa sáyà ẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé: A WÀ LẸ́YÌN YÍN. Ta ló bi wá?

Bàbá Alága, olórí ìlú, ní ẹni tó wà nínú ìṣòro là ń ràn lọ́wọ́, wọn á rántí wa lọ́la. Àbúrò ẹ̀ obìnrin, Ìyá Tọ̀míwá, olórí àwọn tó ń yan ẹja, bú sẹ́rìn-ín. Ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ fọ omi ná, ká tó wọṣọ. Bọ̀dé, alága àwọn ọ̀dọ́, ní ká lọ bá iléeṣẹ́ kejì, bóyá T-shirt tiwọn ní kọ́là.

Ẹnu mi yìí! Mo dìde, mo ní ohun tó ṣẹlẹ̀ ní India gan-an nìyí, mo sì rò gbogbo ẹ̀. Mo rò pé wọ́n máa pàtẹ́wọ́ fún mi ni.

"Tíṣà," Bàbá Alága ní, "èwo nínú wọn lèmi?"

Mo ní òun ni aṣáájú tó ní kò dáa kéèyàn máa fi wàhálà ẹlòmíì wá èrè.

"Ṣé wọ́n bọ̀wọ̀ fún un?"

"Gan-an ni, Bàbá."

"Kò tán? Èmi nìyẹn."

Ìyá Tọ̀míwá bi mí bóyá òyìnbó ṣèlérí. Mo ní ó ní káwọn parí ogun ná. Ó pariwo pé iléeṣẹ́ epo gan-an lòyìnbó yẹn!

Bí wọ́n ṣe gbàgbé lẹ́tà nìyẹn. Wákàtí mẹ́ta, India la jà lé lórí. Ọkùnrin kan tí kò kọjá Òkìtìpupa rí na ìka sí Bọ̀dé: "Ìwọ lo ta India!"

Ìlú pín sí mẹ́ta. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní kí n bá òun kọ lẹ́tà tiẹ̀. Èmi náà kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo tún ń yangàn pé Gẹ̀ẹ́sì mi dùn!

Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, Bàbá Alága àtàwọn èèyàn ẹ̀ wọ T-shirt, wọ́n tukọ̀ jáde, èmi náà wọ ọkọ̀ kan tẹ̀ lé wọn. Ta ni wọ́n bá níwájú? Bọ̀dé àtàwọn tiẹ̀, pẹ̀lú fìlà iléeṣẹ́ kejì lórí. Ará abúlé kan náà! Wọ́n ń bú ara wọn, ọkọ̀ forí gbárí, Bàbá Alága já sómi gbàà!

Àgbà ni, T-shirt tó wọ̀ sì tóbi, ó ń wé mọ́ ọn lápá. Bọ̀dé ló bẹ́ sómi, tó gbá a mú, tó sì gbé e sínú ọkọ̀ tiẹ̀.

Àwọn ọ̀gá iléeṣẹ́ méjèèjì sì wà nínú speedboat kan náà nítòsí, wọ́n ń ya fọ́tò. Ọ̀kan nínú wọn kígbe sí wa pé ká má bínú, àwọn ti yanjú ẹ̀ láti àná, ó kàn gbàgbé àtisọ fún wa ni.

Ní èbúté, ẹ̀rù ń bà mí láti wojú Ìyá Tọ̀míwá. Kò fi ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ṣẹ̀sín. Ó tú ìborùn ẹ̀, ó fi nu orí fún un. Ó wá kọjú sí mi: "Tíṣà, o sọ̀rọ̀ nípa India, o kọ̀wé sí iléeṣẹ́ méjì. Ìgbà wo lo máa bi àwa léèrè ohun tá a fẹ́?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, òótọ́ ló sọ! Lẹ́tà mẹ́ta, mi ò bi wọ́n rárá! Mo jókòó sórí pákó níbẹ̀, mo béèrè. Omi tó mọ́ ni gbogbo wọn ń sọ. Mo kọ ọ́, Bàbá Alága buwọ́ lù ú, Bọ̀dé tẹ̀ lé e. Iléeṣẹ́ tí epo wọn bo omi wa ò tíì fèsì, àmọ́ a kì í bínú síra wa mọ́ nígbà tá à ń retí ẹ̀.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ rèé: bí ẹni tó jù wá lọ bá pè wá síjà ẹ̀, ká tó máa bára wa jiyàn lórí bá a ṣe máa gbè é, ká kọ́kọ́ bi ara wa ohun táwa fúnra wa ń wá.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ló ti wọṣọ ìjà rẹ̀ sí yín lọ́rùn rí, báwo lẹ sì ṣe bọ́ ọ? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, mo fẹ́ kà á, kí n lè mọ̀ pé kì í ṣe èmi nìkan ló gọ̀!