Ìdá Mẹ́sàn-án Tó Kù Nínú Fídíò Màmá Tìtí

Ọjọ́ kẹsàn-án nìyẹn tí àwọn fídíò tí mò ń dáúnlóòdù ti dúró sí ìdá mọ́kànléláàádọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún, tí kò lọ síwájú, tí kò padà sẹ́yìn. Màmá Tìtí jókòó sórí bẹ́ǹṣì nínú ṣọ́ọ̀bù mi ní Kàbà, wọ́n gbé báàgì lé itan, wọ́n ń wò mí. Ì bá sàn kí wọ́n bú mi.

Kí n má parọ́, èmi kì í ṣe ẹni tí kọ̀ǹpútà ń dójú tì. Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí. Láti Ìyàmoyè títí dé Ìsánlú ni wọ́n ti ń gbé èyí tó dákú wá bá mi, bí mo bá sì ti gbọ́wọ́ lé e, ó máa ń jí. Ẹ béèrè mi wò.

Iṣẹ́ aṣọ híhun ni ìyá tó bí màmá lọ́mọ ṣe ní Òkè-Bùkún, lórí òfì tí àwọn obìnrin máa ń gbé ti ògiri. Nígbà tí màmá ṣì wà ní ọmọdébìnrin, oníwàádìí kan wá láti òkè òkun, ó sì ya ìyá náà ní fíìmù nídìí òfì. Ìyá ti kú tipẹ́, kò sí fọ́tò rẹ̀ kan tó ṣeé wò nílé. Láìpẹ́ yìí ni ilé ìwé tí oníwàádìí yẹn ti ṣiṣẹ́ kó gbogbo fíìmù rẹ̀ jáde lọ́fẹ̀ẹ́ fún aráyé, wọ́n sì fi tọ́rẹ́ǹtì pín in. Tìtí, ọmọ màmá tó wà ní Àbújá, ló rí i tó fi líǹkì rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi.

"Kì í ṣe tìtorí aṣọ," màmá sọ lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ wá. "Mo mọ aṣọ hun. Ohùn rẹ̀ ni. Ohùn ìyá mi ti kúrò létí mi. Mo wá a títí, n kò rí i mọ́."

Kí lèèyàn fẹ́ sọ sí ìyẹn? Mo ní kí wọ́n lọ fọkàn balẹ̀, pé ọjọ́ méjì péré ni. Ẹnu mi ló kó bá mi.

Tọ́rẹ́ǹtì kò ṣòro láti lóye. Wọ́n gé nǹkan ńlá sí wẹ́wẹ́, àwọn tó ń wá a káàkiri ayé sì ń gbà á lọ́wọ́ ara wọn. Ẹni tó ní ẹyọ yìí á fún ẹni tí kò ní, òun náà á sì gba ẹyọ mìíràn. Bí ẹnì kan tó ní odidi bá wà láàárín wọn, iṣẹ́ á yá. Kọ̀ǹpútà ilé ìwé yẹn ló ní odidi, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kẹta tí a bẹ̀rẹ̀, ó kúrò níbẹ̀, a kò sì rí i mọ́. Èyí tó wá dùn mí jù ni pé inú fídíò ìyá màmá gan-an ni ìdá mẹ́sàn-án tó kù bọ́ sí. Fídíò iṣu gbígbìn ń ṣí. Fídíò ọjà ń ṣí. Tiwa nìkan ló kọ̀.

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ní Lọ́kọ́ja kì í fẹ́ kí a bú nẹ́tíwọ́ọ̀kì kí a tó wádìí. Nígbà kan tí mo ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dáa, ó tọ wáyà mi dé ìdí, ó sì bá a pé n kò tì í bọ ihò rárá. Odindi oṣù kan ló fi fi mí ṣẹ̀fẹ̀.

Nítorí náà, mo wádìí. Mo dáúnlóòdù nǹkan mìíràn tí èrò pọ̀ nídìí rẹ̀, ó wọlé wàrà-wàrà. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kọ́ nìyẹn. Mo wo áńtífáírọ́ọ̀sì bóyá òun ló ń dí ọ̀nà, kì í ṣe òun. Mo pààrọ̀ síìmù. Mo ní kí kọ̀ǹpútà tún gbogbo ẹyọ tó wà nílẹ̀ yẹ̀ wò bóyá ọ̀kan ti bàjẹ́, gbogbo wọn ló dára. Mo wá wo àwọn tó kù nídìí rẹ̀. Ènìyàn mẹ́rin ni. Kò sí ẹni tó ní odidi nínú wọn, ṣùgbọ́n bí a bá kó tiwọn pọ̀, ìdá mẹ́sàn-án wa wà níbẹ̀ pátá. Wọ́n á wọlé, wọ́n á dúró díẹ̀, wọ́n á tún lọ. Inú bí mi, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí pè wọ́n ní ahun.

"Okun iṣẹ́ o," màmá kí mi láti orí bẹ́ǹṣì. "Ta lò ń bú?"

"Àwọn mẹ́rin kan ni, màmá. Ohun tí à ń wá wà lọ́wọ́ wọn, wọn ò fún wa."

"Kí làwọn náà ń wá?"

"Nǹkan kan náà ni. Èyí tí wọn ò ní wà lọ́wọ́ tiwa."

Màmá dìde, wọ́n wá dúró lẹ́yìn mi.

"Àáró nìyẹn," wọ́n ní. "Oko mi lónìí, oko rẹ lọ́la."

"Bẹ́ẹ̀ ni, màmá. Àáró gan-an ni."

"Ìwọ ńkọ́? Oko ta nìwọ ti lọ?"

Dátà wọ́n, ẹ̀yin náà mọ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti ní ọgbọ́n kan tí mo fi ń yangàn: gbígbà nìkan ni mo máa ń ṣí sílẹ̀, mo máa ń dí ọ̀nà tí nǹkan ń gbà jáde, kí dátà mi má bàa ṣòfò sọ́wọ́ àjèjì. Mo ti fi kọ́ ìdajì àwọn oníkọ̀ǹpútà Kàbà. Mo sì ti ń lọ káàkiri báyìí láti bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n gbàgbé rẹ̀. Níbi tí odidi bá wà, àléébù ọgbọ́n náà kì í hàn. Ṣùgbọ́n níbi tí èrò kò pọ̀, ẹni tó bá ń fún àwọn kọ̀ǹpútà yẹn ní nǹkan ni wọ́n ń dá lóhùn. Ojoojúmọ́ ni àwọn mẹ́rin yẹn ń wá sọ́dọ̀ mi, tí wọ́n ń bá ilẹ̀kùn ní títì. Èmi gan-an ni ahun.

"Lọ́dọ̀ tiwa," màmá ní, "ẹni tí wọ́n bá bá kọ ebè, tí kò bá ẹnikẹ́ni kọ, òun nìkan ni yóò dá kọ tọdún tó ń bọ̀."

Mo rẹ́rìn-ín, ojú sì tì mí. Mo ṣí ọ̀nà náà gbayawu. Fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, jíjáde nìkan ni nǹkan ń jáde. Lẹ́yìn náà, ẹnì kan nínú wọn fún wa ní ẹyọ kan. Ẹlòmíràn tẹ̀lé e. Kí aago mẹ́ta ọ̀sán tó lù, ó pé.

Mo ṣí fídíò náà, mo gbé ohùn rẹ̀ sókè. Obìnrin kan jókòó sídìí òfì, ọwọ́ rẹ̀ ń yára láàárín òwú. Kò sọ̀rọ̀. Igi òfì nìkan ló ń dún, ẹ̀rù sì bẹ̀rẹ̀ sí bà mí pé bóyá kò ní sọ̀rọ̀ rárá. Màmá ti padà sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n di báàgì wọn mú.

Ìgbà tó yá, obìnrin náà gbé ojú sókè, ó wo ẹ̀yìn ẹni tó ń ya fíìmù, ó sì ké pe ẹnì kan: "Mojí! Mojí o! Mú òwú wá!"

Màmá Tìtí, tí n kò gbọ́ orúkọ mìíràn fún wọn rí, fò dìde lórí bẹ́ǹṣì mi. "Ìyá, mo ń bọ̀!" wọ́n ní, wọ́n sì ti gbé ẹsẹ̀ méjì kí wọ́n tó dúró.