Àwọn Ẹ̀rọ Tí N Kì Í Pa

Ẹni tó bá ń wá ìjà mi, kó ṣáà sọ pé kí n máa pa ẹ̀rọ sítúdíò mi tí mo bá ti gba orin sílẹ̀ tán. Yàrá iwájú ilé wa ní Ìfọ̀nyìn ni mo kó wọn sí: kọ̀ǹpútà, sípíkà méjì, máìkì kan. Àwọn akọrin ṣọ́ọ̀ṣì àti àwọn ìyá oníwàásí láti Bánígbé ló máa ń wá kọrin níbẹ̀. Bí wọ́n bá lọ, mi ò ní pa nǹkan kan. Màá ní títàn-pípa ló ń tètè ba ẹ̀rọ jẹ́, pé ooru ara rẹ̀ kì í jẹ́ kí ọ̀rinrin wọ̀ ọ́. Irọ́ kọ́, àmọ́ òótọ́ ibẹ̀ ò tó bí mo ṣe ń fi ẹnu sọ ọ́.

Ìyàwó mi ríṣẹ́ olùkọ́ ní Kútọnù, ó kó àwọn ọmọ wa méjèèjì lọ, ó gba ilé tó gba gbogbo wa. Gbogbo ọjọ́ Àìkú ló máa ń pè: "Papa, ìgbà wo lẹ ń bọ̀?" Màá ní, "Ta ni yóò máa ṣọ́ ẹ̀rọ tó wà lórí iná?" Níjọ́ tó pè kẹ́yìn, ó mí kanlẹ̀. "D'accord, ó dáa. Mi ò ní yọ yín lẹ́nu mọ́." Ó dùn mí wọra, àmọ́ agídí ò jẹ́ kí n sọ ọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí òjò ṣú, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kí mi wá láti Kó-Kúmọlú. Lọ́dọ̀ tiwa, bí òjò bá ti ṣú báyẹn, wáyà gbogbo ni wọn á yọ, wọn á faṣọ bo dígí. Ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi ti dé ara wáyà kí n tó pariwo pé, "Ẹ má fọwọ́ kàn án!"

Wọ́n wò mí. "Àbúrò, àwọn iná wẹ́wẹ́ yìí lo fi ń ṣe ará ilé."

Inú bí mi. Mo ní kí ni wọ́n mọ̀ nípa iṣẹ́ mi. Wọ́n gbé báàgì wọn, wọ́n lọ kí òjò tó dé.

Mo fìbínú jókòó sídìí kọ̀ǹpútà. Hà! Ó ṣì ń gba ohùn sílẹ̀ láti àná tí àwọn ìyá Bánígbé ti lọ. Mo ní kí n gbọ́ ọ díẹ̀ kí n tó pa á rẹ́. Alùpùpù ń kọjá, adìẹ ń ké. Ilẹ̀kùn ṣí, èmi ni mò ń ti ibi tí mo ti lọ ra búrẹ́dì bọ̀.

"Ẹ kúulé o!"

Kò yà mí lẹ́nu. Ta ló ń wọlé láìkí ará ilé? Àfi bí mo ṣe gbọ́ tí ẹnì kan dáhùn.

"Ẹ káàbọ̀, Papa."

Ohùn mi ni. Mo mú un tín-ínrín díẹ̀, bí ìyàwó mi ṣe máa ń sọ ọ́.

Áà, ó mà ṣe o. Mi ò mọ̀ pé mo máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Mo sunkún bí ọmọdé. Mo pa sípíkà, mo pa kọ̀ǹpútà, mo yọ wáyà, ilé sì pa lọ́lọ́.

Mo pe Kútọnù. Ìyàwó mi ní kí ló ṣẹlẹ̀, torí kì í ṣe ọjọ́ Àìkú.

"Jọ̀ọ́," ni mo wí, "jẹ́ kí n máa bọ̀ lọ́dọ̀ yín."

Mo ń gbọ́ ọ tó ń kígbe sínú ilé pé, "Ẹ sáré wá, Papa yín ń bọ̀!"