Aránṣọ Tó Ń Béèrè Ẹ̀rù

Bí mo bá rí téèpù lọ́rùn aránṣọ, obìnrin kan ní Takie, l'Ógbòmọ̀ṣọ́ níbí, ni mo máa ń rántí. Yàtọ̀ sí aṣọ rírán, ó ń kọ ìtàn adẹ́rùbani sórí fóònù. Bó bá ń wọn èjìká ẹni, á béèrè pé, "Kí ló ń bà yín lẹ́rù jù?"

Mo dá a lóhùn lọ́jọ́ kan pé, "Bùbá ni mo ní kóo rán, má rán ẹ̀rù mọ́ ọn o!"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n, iwin ò ba èèyàn lẹ́rù mọ́. Ti inú ilé yín ni kí ẹ sọ."

Oríkì ni ìyá rẹ̀ tó wà l'Ọ́yọ̀ọ́ máa ń fi kí i káàbọ̀. Ṣùgbọ́n ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í gbàgbé nǹkan. Lọ́jọ́ tí ọmọ lọ kí i kẹ́yìn, ìyá gbé omi fún un bí àlejò, ó ní, "Ẹ káàbọ̀. Ta lẹ ń wá?"

Aránṣọ yìí sọ ọ́ di ìtàn, ó kà á fún mi. Nínú ìtàn náà, ìyá pàpà rántí oríkì ọmọ rẹ̀.

Mo ní, "Ìtàn rẹ kì í parí síre. Kí ló dé tí èyí fi parí síre?"

Ó ká téèpù mọ́wọ́. "Ẹ̀gbọ́n, bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an ń ba èmi náà lẹ́rù."