Ọjọ́ Tí Màámi Mọ Bí Ọlẹ̀ Ṣe Ń Di Ọmọ

Tí ìkòkò ògì bá ń hó lẹ́yìn ilé wa ní Ìgànná, òórùn omíkan rẹ̀ a máa gba ojú fèrèsé wọ yàrá, a lẹ̀ mọ́ aṣọ, a sì bá èèyàn dé orí ọ̀kadà. Inú rẹ̀ ni mo dàgbà sí, nítorí ẹ̀kọ ni màámi ń sè tà kí wọ́n tó bí mi. Àmọ́ lọ́dún tí mò ń sọ yìí, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nílé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ni, òórùn náà sì ń tì mí lójú díẹ̀. Ìwọ náà mọ bí a ṣe máa ń ṣe nígbà yẹn: aṣọ funfun lára, ṣíọ̀ lẹ́nu. Mo rò pé kò sí ohun kan nínú ara ọmọ ènìyàn tí n kò mọ̀.

Ìbànújẹ́ kan wà nílé wa lásìkò náà. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ti bí àkọ́bí rẹ̀, ọmọbìnrin pupa kan tí irun kún orí rẹ̀, àmọ́ ẹ̀yìn ọmọ náà kò dí. Nísàlẹ̀ ọ̀pá ẹ̀yìn, níbi tó yẹ kí awọ bò, ojú ibẹ̀ là sílẹ̀ ni, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kò sì mira. Kò dọjọ́ ìsọmọlórúkọ tó fi padà lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Àwọn kan ní ọwọ́ ayé ni, àwọn kan ní ìyá ọmọ ló rìn lọ́sàn-án gangan. Ìyàwó wa kò dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Ọjọ́ tí mo délé ló tẹ̀ lé mi wọ yàrá, ó ní, "Àǹtí Nọ́ọ̀sì, ẹ má purọ́ fún mi. Ṣé bí èyí tó ń bọ̀ náà á ṣe rí nìyẹn?" Ó ń wá ọmọ, ẹ̀rù ọmọ náà sì ń bà á.

Mo mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà ní Ṣakí. Dókítà kọ oògùn kan tí wọ́n ń pè ní fólíìkì fún un, èyí tó lágbára ju ti àwọn obìnrin yòókù lọ nítorí ohun tó ti ṣẹlẹ̀, ó ní kó máa lo hóró kan lójúmọ́ láti ọjọ́ náà lọ, kí oyún tó dé rárá. Kò ṣèlérí o. Ó ní yóò dín ewu pé ẹ̀yìn ọmọ mìíràn kò ní dí kù gan-an ni. Kò tó ọ̀sẹ̀ kan tí màámi fi rí oògùn náà lábẹ́ ìrọ̀rí ìyàwó wa. O sì mọ̀ pé lọ́dọ̀ wa, a kì í sọ̀rọ̀ oyún kó tó yọ síta. Obìnrin á fi ìró bò ó títí di oṣù kẹrin, ìkarùn-ún. A kì í sì í ra nǹkan ọmọ sílẹ̀ dè é. Ká wá máa lo oògùn oyún tí kò tíì sí? "Ẹ fẹ́ fẹnu yín pe ohun tó ti lọ padà ni?" ni màámi fi ìbínú wí, ó sì so gbogbo hóró oògùn náà mọ́ etí ìró rẹ̀.

Mo jókòó tì í, mo bẹ̀rẹ̀ sí ka ìwé sí i létí, àwọn orúkọ gígùn tí èmi fúnra mi fi oṣù mẹ́ta há sórí. Ó wò mí láti òkè délẹ̀. "Bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Ọmọ méje ni mo bí. Ìwọ, mélòó lo bí?" Mo sunkún lọ́jọ́ náà, kí n má parọ́, kì í ṣe nítorí ìyàwó wa. Wọ́n tẹ ìgbéraga mi mọ́lẹ̀ ni.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, mo bá a pọ́n ẹ̀kọ, torí à ń bínú o, a ò bínú o, ẹ̀kọ kì í dúró de ẹnì kan. Mo mú ewé kan, mo tẹ́ ẹ sórí àtẹ́lẹwọ́, mo kàn ń wò ó. Ni mo bá ní, "Màámi, ẹ wò ó, bó ṣe rí nìyí." Mo ní tí oyún bá dúró, ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ọlẹ̀ kò tíì ní orí, kò ní ẹsẹ̀; pẹlẹbẹ ló wà bí ewé, kò sì tó hóró ìrẹsì. Ìlà kan á jìn sí àárín ẹ̀yìn rẹ̀, etí méjèèjì á dìde, wọ́n á tẹ̀ síra wọn, wọ́n á pàdé. Mo ń ká ewé náà díẹ̀díẹ̀ bí mo ṣe ń sọ ọ́. Ọ̀nà ọrùn ni yóò ti kọ́kọ́ lẹ̀ pọ̀, á wá máa dí lọ sókè, á máa dí lọ sísàlẹ̀. Òkè á di ọpọlọ, ìyókù á di ọ̀pá ẹ̀yìn. Bí ìsàlẹ̀ kò bá pàdé, ohun tí a rí lára ọmọ wa nìyẹn. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹrin ni gbogbo rẹ̀ ń parí, nígbà tí obìnrin náà ṣì lè máa rò pé nǹkan oṣù òun kàn pẹ́ díẹ̀ ni. Láàárín àwọn ọjọ́ yẹn kan náà ni ọkàn ń bẹ̀rẹ̀ sí lù, tí apá àti ẹsẹ̀ á máa yọ bí iṣu ṣe ń hù. Ọwọ́ á kọ́kọ́ dà bí ẹsẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ kí ìka tó yà sọ́tọ̀. Tí oṣù kejì bá fi pé, ojú, etí, ẹ̀dọ̀, kíndìnrín, gbogbo wọn ló ti fìdí múlẹ̀, odidi ọmọ náà kò sì ju ẹ̀pà tí a kò tíì pa lọ. Ìyókù, títóbi àti gbígbó ni. "Tí ikùn bá fi yọ, Màámi, iṣẹ́ ẹ̀yìn ti parí tipẹ́."

Màámi gbé orógùn sílẹ̀. "Ọjọ́ mélòó lo ní?"

"Bí ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n ni, Màámi."

Ó pọ́n ẹ̀kọ bíi mẹ́ta sí i. Ó wá ní, "Ewé la máa ń fọ̀ sílẹ̀ kí ẹ̀kọ tó jinná. Ẹni tó bá dìgbà tí ẹ̀kọ jinná kó tó lọ já ewé, inú ìkòkò lẹ̀kọ ẹ̀ máa dì sí." Mo gbé ojú sókè wò ó. Èmi tí mo kàwé kò ronú débẹ̀. Ó pe ìyàwó wa, ó tú etí ìró rẹ̀, ó kó oògùn náà lé e lọ́wọ́. "N ò mọ̀ ni, ọmọ mi," ló wí. "N ò mọ̀."

Láti ọjọ́ náà, òun ló ń bu ẹ̀kọ mímu fún ìyàwó wa láràárọ̀, tí yóò sì dúró tì í títí yóò fi gbé hóró náà mì. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ìyàwó wa fẹ́ra kù. Màámi ló mú un lọ forúkọ sílẹ̀ nílé ìwòsàn, kí ẹnikẹ́ni tó rí ikùn. Ní gbogbo oṣù wọ̀nyẹn, àyà mi ń já, torí mo rántí pé dókítà kò ṣèlérí. Ọjọ́ tí ó bí ní Ṣakí, wọ́n gbé ọmọ náà fún màámi. Kò béèrè bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin. Ó dà á dojú dé sórí itan, ó fi ìka kan tọ ẹ̀yìn rẹ̀ láti ọrùn dé bèbè ìdí, ó tún un tọ̀. Ọmọ náà fi ẹsẹ̀ ta á nípàá. "Ó dí," ló wí. "Alihamudu lilaahi, ó dí pinpin." Ìyàwó wa bú sẹ́kún, èmi náà sì bá a sun ún.

Ọmọ náà ti ń lọ iléèwé báyìí. Kò sí ìyàwó tuntun kan ládùúgbò wa tí màámi kì í pè jókòó láàárín ọ̀sẹ̀ tó wọlé, kó lè sọ fún un pé kó lọ gba fólíìkì. Kì í sì í fi ẹ̀bi ara rẹ̀ pamọ́: á ní òun gba oògùn lọ́wọ́ ìyàwó òun nígbà kan, nítorí àìmọ̀. Inú mi máa ń dùn débi tí n kò lè jókòó. Tí àwa nọ́ọ̀sì bá ń sọ̀rọ̀ òbí wa, tí kálukú ń fi tirẹ̀ yangàn, èmi a ní ọmọ obìnrin kan ni mí, tó lé ní ọgọ́ta ọdún, tó bí ọmọ méje, tó wo ojú ìyàwó ilé rẹ̀ níwájú èmi ọmọ rẹ̀, tó ní òun kò mọ̀. Mo ti bá àwọn ọ̀gá ńlá ṣiṣẹ́ tí gbólóhùn yẹn kò lè jáde lẹ́nu wọn. Èmi náà ṣì ń kọ́ ọ.